Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ̀rọ gé koríko jẹun: Pípọ́n bíléèdì nìkan kò tó, ẹ gbọ́dọ̀ mú un dọ́gba

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹrin lágbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, koríko kì í sinmi mọ́ títí di oṣù Kẹwàá, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé e náà kì í sì í sinmi. Yàtọ̀ sí àwọn ọgbà ńlá bíi ti Rufus Giwa Polytechnic àti Achievers University tó wà l'Ọ̀wọ̀, àwọn iléèwé aládàáni, òtẹ́ẹ̀lì, ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí títí dé Ìfọ́n àti Ìdóàní ló ń fẹ́ kí àyíká wọn mọ́ tónítóní. Èyí ló sọ ẹ̀rọ ìgékoríko, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní móà, di irinṣẹ́ tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè fi bọ́ ìdílé rẹ̀.

Àmọ́ èrè iṣẹ́ náà kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Láti 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán, gbogbo ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ló ti mọ̀ pé epo kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣòfò. Bíléèdì tó ti kú sì wà lára ohun tó ń fi epo ṣòfò jù. Kì í gé koríko, ńṣe ló ń fà á ya. Ẹ ó ní láti gba ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì á máa làágùn, orí koríko á gbẹ, á sì pọ́n rúsúrúsú lọ́jọ́ kejì. Oníbàárà tó bá rí i bẹ́ẹ̀ lè má pè yín mọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi máa ń sáré lọ pọ́n bíléèdì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kà sí ni pé bíléèdì tó mú, ṣùgbọ́n tí apá rẹ̀ méjèèjì kò dọ́gba, lè ba ẹ̀rọ jẹ́ ju èyí tó kú lọ.

ÌDÍ TÍ ÌDỌ́GBA FI ṢE PÀTÀKÌ

Nígbà tí Edwin Budding, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìlú Stroud, kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ ìgékoríko lọ́dún 1830, bí ìgbà téèyàn ń fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ ni tirẹ̀ ń ṣe, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń tì í. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa lónìí yàtọ̀. Irin gbọọrọ kan ṣoṣo ló ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń yí tó nǹkan bí ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Eré yẹn ló fi ń gé koríko, eré yẹn náà ló sì lè pa ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní bíléèdì yín gùn tó 20 ínǹṣì, tí orí apá kan sì fi gíráàmù 10 péré wúwo ju èkejì lọ, ìyẹn bí ìwọ̀n kóró ṣúgà méjì. Bí ẹ bá gbé e lọ́wọ́, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti ń yí lọ́nà tá a wí yìí, agbára tó fi ń fa ọ̀pá tó gbé e dúró á tó ti ẹrù kílò 25, ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Ìgbà 50 ló sì ń fà á yípo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí bóòtù ń tú, tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń jẹ, tí ọwọ́ ẹni tó ń tì í á sì máa ta á.

BÍ Ẹ ṢE MÁA TÚ U

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bíléèdì, ẹ yọ wáyà tó wà lórí púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ sì gbé e jìnnà sí i. Ẹ́ńjìnnì tó ti kú ṣì lè ta jí bí ẹ bá fọwọ́ yí bíléèdì. Ẹ má ṣe fo èyí.

Bí ẹ bá fẹ́ dojú ẹ̀rọ délẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tí kabúrẹ́tọ̀ wà kọjú sókè, kí ọ́ìlì má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹ fi pákó há bíléèdì kó má baà yí, kẹ́ ẹ wá fi sípánà tú bóòtù àárín rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sílẹ̀, torí bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, kò ní gé nǹkan kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn.

PÍPỌ́N

Ẹ fọ koríko gbígbẹ àti ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀, torí àwọn náà ní ìwọ̀n. Ẹ fi fáìsì dì í mú, kẹ́ ẹ fi fáìlì pẹlẹbẹ pọ́n ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ pọ́n, ẹ sì tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe dá a, tó sábà máa ń tó ìwọ̀n 30 sí 45. Ojú kan ni kí fáìlì máa lọ, ẹ má ṣe máa fà á lọ fà á bọ̀. Ẹ ka iye ìgbà tẹ́ ẹ fi fáìlì kọjá lápá kan, kẹ́ ẹ ṣe iye kan náà lápá kejì.

Kò pọn dandan kó mú bí abẹ ìfárí. Ẹnu tó bá tínrín jù, òkúta wẹ́wẹ́ àkọ́kọ́ tó bá kàn á ló máa kán an. Bí ó bá jẹ́ gráíńdà lẹ ń lò, ẹ máa fi kàn án díẹ̀díẹ̀, torí bí irin náà bá gbóná títí tó fi di búlúù, ẹnu rẹ̀ ti rọ̀ nìyẹn, kò sì ní pẹ́ tó fi máa kú.

ÌṢÓ KAN LÓ MÁA WỌ̀N ỌN

Ẹ kan ìṣó kan mọ́ ògiri tàbí òpó, kó dúró gbọọrọ níta. Ẹ fi ihò àárín bíléèdì kọ́ ọ, kẹ́ ẹ fọwọ́ dá a dúró níbùú, kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀, ó dọ́gba. Bí apá kan bá lọ sílẹ̀, apá yẹn ló wúwo. Ẹ fi fáìlì yọ díẹ̀ kúrò lórí apá náà, lẹ́yìn ẹnu tó ń gé nǹkan, kẹ́ ẹ tún kọ́ ọ wò. Ẹ yí apá ọ̀tún sí òsì kẹ́ ẹ tún wò, kó má jẹ́ pé ìṣó ló tàn yín.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tí wọ́n sì fi irin alápá méjì tàbí mẹ́ta gé ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ pọ́n apá kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n kan náà.

ÈYÍ TÓ YẸ KẸ́ Ẹ SỌ NÙ

Bíléèdì tó bá sán, tó wọ́, tàbí tí ibi tó ké sókè lẹ́yìn rẹ̀ ti jẹ tó fi tínrín, kò yẹ lọ́dọ̀ wẹ́dà, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó o pọ̀ tàbí lù ú tọ́. Irin tí wọ́n jó pọ̀ lè já nígbà tó bá ń sáré, bó bá sì fò jáde, ó lè bá ẹsẹ̀ ẹni tó ń ti ẹ̀rọ tàbí ọmọ tó ń wòran lọ́ọ̀ọ́kán. Owó bíléèdì tuntun kò tó nǹkan kan lára owó ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dì í padà kó le dáadáa, tí wáyà púlọ́ọ̀gì kò tíì padà sáyè rẹ̀, ẹ fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá orí méjèèjì ń gba ibi kan náà kọjá. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ti lè wọ́, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ẹ ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ máa kọ wákàtí iṣẹ́ sí. Tó bá ti tó nǹkan bí wákàtí 25, tàbí tí bíléèdì bá kọlu òkúta, ẹ tú u wò. Fáìlì kan, ìṣó kan àti ìdajì wákàtí ni gbogbo iṣẹ́ náà ń gbà. Kí ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ fi gbogbo owó òwò yín rà má baà di àlòkù lábẹ́ òrùlé yín, iṣẹ́ ìdajì wákàtí yẹn kò pọ̀ jù.