Ìdí tí Fóònù fi Ṣòro Gbé Kalẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká ti GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Náírà 50 ni owó ìṣẹ́jú kan nígbà náà. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ‘fláṣì’ ara wọn: aago yóò dún lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó pè yóò sì yára pa á kí ẹnìkejì tó gbé e. Owó ni ó ń kó ènìyàn níjàánu; kò sí ẹni tí ó nílò ìwàásù kí ó tó gbé fóònù kalẹ̀. Nígbà tí ó di 2003, tí Glo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìjánu náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Lóde òní, owó dátà kò kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí fóònù ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ju owó lọ: ọkàn rẹ̀ ni.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀dọ́ tí kò lè gbé fóònù sílẹ̀ kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ẹjọ́ náà kò tọ́ tán, nítorí pé bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀rọ náà wà lára ọ̀ràn. Ìwé ní ojú ewé ìkẹyìn. Bí òǹkàwé bá dé ibẹ̀, yóò pa á dé. Ní 2006, Aza Raskin, ará Amẹ́ríkà, gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí ó ń mú kí ọ̀rọ̀ tuntun máa yọ lójú ẹ̀rọ láìlópin, bí ìka bá ṣe ń fà á. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé òun kábàámọ̀. Ibi tí ènìyàn ìbá ti dúró wí pé ‘ó tó’ ni ọgbọ́n yìí mú kúrò.

Ti èrè àìròtẹ́lẹ̀ tún wà níbẹ̀. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìhùwàsí, fi ẹyẹlé ṣe ìdánwò. Bí oúnjẹ bá ń wá nígbà mìíràn, tí kì í sì í wá nígbà mìíràn, ẹyẹ náà kì í sinmi àti máa fi àgógó gbá bọ́tìnì; kódà bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, yóò ṣì máa gbá a fún ìgbà pípẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣí WhatsApp nígbà mẹ́sàn-án tí kò bá nǹkan, tí ó bá ìròyìn ayọ̀ ní ẹ̀kẹwàá, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹyẹlé náà.

Ǹjẹ́ kí ènìyàn pa á lẹ́nu mọ́ kò tó? Ní 2017, Adrian Ward ti Yunifásítì Texas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí nǹkan bí ènìyàn 800 kópa nínú rẹ̀. Àwọn tí fóònù wọn wà ní yàrá mìíràn ṣe iṣẹ́ ọpọlọ dáradára ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dún rárá. Kì í ṣe gbogbo ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ni ó rí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò tí ẹnikẹ́ni lè fi ara rẹ̀ ṣe láìnáwó ni.

Yorùbá gbà pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí apàlọ́ bá wí pé ‘Ààlọ́ o’, tí kò sí ẹni tí ó dáhùn ‘Ààlọ̀’, àlọ́ náà kò lè ṣí ẹsẹ̀. Ọmọ tí ó ń ròyìn ilé-ìwé fún òbí tí ojú rẹ̀ wà lára fóònù, tí ‘hùn’ nìkan sì jẹ́ èsì rẹ̀, yóò dákẹ́ nígbà tí ó bá yá.

Faransé ṣe òfin ní 2018 tí ó de lílo fóònù fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama kékeré nílé-ìwé. Òfin kò sí fún ilé ẹni. Ọlọ́jà tí ó ń retí àlàáàtì báǹkì kò lè pa tirẹ̀ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó lè gbé e sí yàrá mìíràn nígbà oúnjẹ alẹ́. Aago orí tábìlì kan náà wúlò, nítorí ẹni tí fóònù ń jí láàárọ̀ a máa ka ọ̀rọ̀ àlejò kí ó tó kí ará ilé rẹ̀.