Ẹ̀ṣọ́ inú Awọ: Sẹ́ẹ̀lì Langerhans àti Ojú Abẹ́rẹ́ Ọmọ Tuntun

Ìfáàrà

Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti káàkiri Nàìjíríà, apá òsì ni a ti ń gún ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́ BCG, kí ikọ́ ife líle má baà pa á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ náà a máa wú, a pọ́n, a sì di egbò kékeré. Ìyá tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé wọ́n ti ṣe ọmọ òun léṣe, kí ó má sì padà lọ gba abẹ́rẹ́ tí ó kù. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ náà ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Iṣẹ́ Ẹ̀ṣọ́ Náà

Ní ọdún 1868, Paul Langerhans, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin, rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí ó yọ ẹ̀ka bí igi nínú ìpele òkè awọ ara. Ó rò pé ara iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ó tó hàn pé ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n.

Bí kòkòrò àrùn bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé, wọn a gbá a mú, wọn a já a sí wẹ́wẹ́, wọn a sì gbé èérún rẹ̀ lọ han àwọn jagunjagun ara nínú kókó abíyá tàbí ti abẹ́ itan. Ìdí nìyí tí kókó fi máa ń so sí abẹ́ itan ẹni tí ó fẹsẹ̀ gbọgbẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àlejò ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n tún ń pẹ̀tù sí ìjà, kí ara má baà ba ara rẹ̀ jẹ́.

Ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ tiwọn ni oògùn BCG ń wọ̀, níbi tí àwọn ìbátan wọn ti ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Wíwú àti pípọ́n ojú ibẹ̀ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àti àwọn jagunjagun ti ń rọ́ débẹ̀. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná. Nítorí náà, kí a má fi ewé, epo tàbí ìpara sí i. Kí a jẹ́ kí ó mọ́, kí ó sì gbẹ. Ṣùgbọ́n bí kókó ńlá bá so sí abíyá ọmọ, tàbí tí egbò náà kò jinná fún oṣù mélòó kan, kí a tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìgúnlẹ̀

Àfiwé lásán ni "ẹ̀ṣọ́" àti "jagunjagun". Sẹ́ẹ̀lì kò ní ọgbọ́n orí. Ṣùgbọ́n èdè tí ìyá ọmọ gbọ́ nìyí. Bí olùkọ́ Yorùbá bá fi í ṣàlàyé dáadáa, àpá kékeré apá òsì yóò di ẹ̀rí ààbò lójú òbí, kò ní jẹ́ ohun ẹ̀rù mọ́.