Ìyọ́jẹ Dígí: Bí Ọ̀rinrin Ṣe Ń Ba Ojú Dígí Jẹ́

Bí irin bá dógùn-ún, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé omi ni ó fà á. Ṣùgbọ́n bí ojú dígí fèrèsé bá di funfun bàìbàì, ìdọ̀tí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, wọn a sì máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lásán. Omi ni ó ti jẹ ojú dígí náà.

Nínú ìwọ̀n 100 dígí fèrèsé, nǹkan bí 70 jẹ́ sílíkà, èyí tí í ṣe èròjà yanrìn. Sódà tó bí 13, láìmù sì tó bí 9. Sílíkà ni ó so pọ̀ bí àwọ̀n. Sódà ni ó jẹ́ kí yanrìn tètè yọ́ nínú iná, ṣùgbọ́n òun náà ni omi kọ́kọ́ ń rí mú.

Ìpele méjì ni ìbàjẹ́ yìí ní. Èkíní ni ìfàyọ: háídírójìn inú omi a wọlé, sódíọ̀mù a sì jáde. Bí òjò bá ń ṣàn kọjá lára dígí, a gbé sódà náà lọ, ìpalára kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí omi bá há sí ojú kan, sódà a máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, títí omi náà yóò fi le bí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí pH rẹ̀ bá kọjá 9, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọ̀n sílíkà gan-an. Èyí ni ìyọ́jẹ. Ọ̀rọ̀ náà bá a mu, nítorí iyọ̀ a máa yọ́ nínú omi, olè náà a sì máa yọ́ wọlé.

Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, níbi tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ewu yìí kan ẹni tí ó bá to dígí lé ara wọn, nítorí omi a máa há sáàárín wọn. Ìwé gbígbẹ láàárín dígí kan àti èkejì, àti ibi gbígbẹ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, ni ààbò. Bí ìyọ́jẹ bá ti jinlẹ̀, àfi kí a pààrọ̀ dígí náà.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni í pa dígí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Abidemi Babatunde Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000 jáde ní 2011 àti 2012. Láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Láìmù àti àlúmínà pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn, àlúmínà a sì máa mú kí àwọ̀n sílíkà le sí omi. Ohun tí a fi ṣe dígí, àti omi tí a jẹ́ kí ó há sí i lára, ni ó ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó.