Bẹntiróòlù àbí Dísù: Èwo Ló Yẹ Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Kẹ́rù Lọ́nà Àgbádárìgì?

Ẹni tó bá dúró sí Ìyànà-Ìbà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò tètè mọ̀ pé ẹrù ló ni ọ̀nà Àgbádárìgì. Fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti jẹnẹrétọ̀ ń ti ọjà Àlábà jáde. Àpò ẹ̀wà àti àgbò ń ti òkè Ọya wọ Àlábà Ràgó. Páàtì ọkọ̀ ń ti ọjà ASPAMDA, nínú ọgbà Trade Fair, lọ káàkiri. Símẹ́ńtì àti irin ń gba ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì LASU kọjá lọ sí Ìbà àti Ìgàndò, níbi tí ilé tuntun kì í tán nílẹ̀. Tírélà kọ́ ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà. Píkọ́ọ̀pù ni: Hilux, L200 àtijọ́, Dyna, pẹ̀lú Canter tó ga jù wọ́n lọ díẹ̀. Réluwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Marina dé Mile 2 lọ́dún 2023, tí wọ́n sì ṣètò pé kó dé Okokomaiko lọ́jọ́ iwájú, èèyàn ló ń kó, kì í kó símẹ́ńtì.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ti kó owó jọ láti ra ọkọ̀ akẹ́rù, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì yóò bi í ni pé, "Ọ̀gá, epo wo lẹ fẹ́ kó máa mu?"

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ní gáréèjì ni pé dísù lágbára, kì í sì í mu epo púpọ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ó kù síbì kan.

Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, epo àti afẹ́fẹ́ ló jọ ń wọlé, pulọ́ọ̀gì ló sì ń ṣáná sí wọn. Dísù kò ní pulọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbóná janjan, lẹ́yìn náà ni ńọ́sù yóò fọ́n epo sí i, epo náà yóò sì gbiná fúnra rẹ̀. Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Rudolf Diesel ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀, ọdún 1897 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì yege ìdánwò. Bẹntiróòlù máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́jọ sí méjìlá. Ti dísù lè tó ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Irin tí yóò fara da irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì dísù fi wúwo, tó ń pariwo, tó sì wọ́n. Èrè rẹ̀ ni pé ó ń rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe pẹ̀lú epo díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, agbára tó wà nínú lítà dísù kan fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju ti lítà bẹntiróòlù kan lọ. Kódà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, dísù tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan kì í fi bẹ́ẹ̀ mu epo.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí Hilux tó kún ìgboro Èkó fi jẹ́ ti bẹntiróòlù, nígbà tó jẹ́ pé dísù ni píkọ́ọ̀pù àti bọ́ọ̀sì akẹ́rù ń mu ní Yúróòpù?

Ìjọba ni. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, owó orí tí wọ́n bù lé dísù kéré sí ti bẹntiróòlù, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀ lé ibi tí ó ti dínwó. Níhìn-ín, ìjọba àpapọ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún san owó ìrànwọ́ lórí bẹntiróòlù, ó sì fi dísù sílẹ̀ fún ọjà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022, nígbà tí lítà bẹntiróòlù jẹ́ nǹkan bíi N165, àjọ oníṣirò ìjọba, NBS, sọ pé dísù ti tó nǹkan bíi N288. Lóṣù kejì tó tẹ̀ lé e, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Ukraine, kí ọdún náà sì tó parí, dísù ti kọjá N800. Ta ló máa ra ọkọ̀ dísù nígbà náà, àyàfi ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò fún un ní àyè láti yàn?

Bọ́sítọ́ọ̀bù kan ní Ọ̀jọ́ ṣì ń jẹ́ orúkọ tó bá ìtàn yìí lọ: Volkswagen. Lọ́dún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì Volkswagen, tí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ sì ń tù ú dípò omi, ló gba orúkọ danfó káàkiri Èkó. Mólùé tó ń bá a du èrò jẹ́ ọmọ ìyá mìíràn: ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911 tó ń mu dísù ni, àwọn alágbẹ̀dẹ ìgboro ló kan ara bọ́ọ̀sì lé e lórí. Ọkọ̀ kékeré ń mu bẹntiróòlù, ọkọ̀ ńlá ń mu dísù. Ìlànà tí Èkó fi àádọ́ta ọdún tẹ̀ lé nìyẹn.

Bí a bá tẹ̀ síwájú lọ́nà kan náà dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, a ó rí ibòmíràn tí owó ìrànwọ́ gbà jáde. Nígbà tí owó ìrànwọ́ ṣì wà, bẹntiróòlù Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní kpayo máa ń wà nínú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì máa ń dínwó ju ti iléepo wọn lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, iléeṣẹ́ Kọ́sítọ̀ọ̀mù pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo lọ sí iléepo kankan tó wà láàárín ogún kìlómítà sí ẹnubodè mọ́. Àwọn ará Àgbádárìgì jẹ ìyà rẹ̀. Okokomaiko jìnnà tó láti bọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Láàárín ọjọ́ méjì, bẹntiróòlù tó wà ní nǹkan bíi N185 di N488 ní iléepo NNPC l'Ékòó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti di N998. Lọ́dún 2024 kan náà, iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí ta dísù, ó já a wálẹ̀ láti N1,200 sí N1,000 lóṣù Kẹrin, kò sì pẹ́ tó tún fi dé N940. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, epo méjèèjì ń bára wọn rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Gbogbo ìṣirò àtijọ́ dàrú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí ìwé. Ká ní píkọ́ọ̀pù bẹntiróòlù kan ń rin kìlómítà mẹ́jọ lórí lítà kan, tí ti dísù tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rin mẹ́wàá. Láti rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà, ti àkọ́kọ́ yóò mu lítà méjìlá ààbọ̀, èkejì yóò mu mẹ́wàá. Bí bẹntiróòlù bá jẹ́ N1,000, tí dísù sì jẹ́ N1,250, N12,500 ni ẹni méjèèjì yóò san. Bí dísù bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, olówó dísù ló ń jèrè. Bó bá gun òkè, ó wọ gbèsè. Kí oníṣòwò máa wo àlàfo tó wà láàárín iye méjèèjì, kó yé wo iye ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n iye epo kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ gbé Hilux méjì síwájú. Ti bẹntiróòlù, 2.7, ní ipá ìyíká tó tó 245 Nm, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tẹ iná títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa yí nígbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan kó tó kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ti dísù, 2.4 oní-tọ́ọ̀bò tó jáde lọ́dún 2015, ní 400 Nm, láti bíi 1,600 ló sì ti ń yọ. Ẹ bu táìlì sẹ́yìn àwọn méjèèjì títí táyà yóò fi rẹlẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n gun afárá Mile 2 nígbà tí ọkọ̀ ń rìn díẹ̀ tó ń dúró díẹ̀. Ti dísù yóò rọra fà á gòkè. Ti bẹntiróòlù yóò máa ké, kíláàṣì rẹ̀ yóò sì máa rùn. Ẹni tó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ yóò máa pààrọ̀ kíláàṣì.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi píkọ́ọ̀pù fa ọkọ̀ ojú omi àti ilé alágbèéká, Ford F-250 ní irú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ dísù 6.7 máa ń fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là lé owó ọkọ̀. Síbẹ̀, ọdún 2020 ni Ford ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 7.3 tuntun jáde fún ọkọ̀ náà, torí pé ọ̀pọ̀ oníbàárà ló rí i pé àfikún owó dísù kò ní padà wá bí ọkọ̀ kò bá rìn jìnnà.

Àtúnṣe wá ni ibi tí Ọ̀jọ́ ti yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì 2TR tó wà nínú Hilux bẹntiróòlù náà ló wà nínú Hiace tí gbogbo èèyàn ń pè ní Hummer bus. Nítorí bẹ́ẹ̀, páàtì rẹ̀ kún ASPAMDA, ọmọ iṣẹ́ tó sì mọ̀ ọ́n tú kò wọ́n láti Ìyànà-Ìbà dé Okokomaiko. Dísù oní-tọ́ọ̀bò òde òní ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ńọ́sù rẹ̀ kan ṣoṣo sì lè gba èrè ọ̀pọ̀ ìrìn. Dísù àtijọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní iná mànàmáná nínú, bíi 5L ti Hilux tàbí 4D56 ti L200 ayé ìgbà kan, ló ṣì ń gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹni tó ní sípánà àti sùúrù.

Epo burúkú kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo, jẹ́wọ́ pé bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ti wọ ìlú, ọkọ̀ púpọ̀ sì bàjẹ́. Ti dísù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí epo náà fúnra rẹ̀ ló ń mú kí pọ́ǹpù àti ńọ́sù máa yọ̀. Bí omi tàbí kẹrosíìnì bá bá a wọlé, irin ń ha irin nìyẹn. Imí-ọjọ́ (sulphur) tún wà níbẹ̀. Yúróòpù kò gbà ju 10 ppm (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan) lọ nínú dísù, Amẹ́ríkà kò gbà ju 15. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò sí 50 láti ọdún 2021, àmọ́ Nàìjíríà kò tètè tẹ̀ lé e. Tòkunbọ̀ dísù tuntun tó ní asẹ́ èéfín nídìí sálẹ́ńsà kò lè fara da irú epo bẹ́ẹ̀ pẹ́; asẹ́ náà yóò dí, ọkọ̀ yóò sì kọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kàn ń gé e dànù ni. Owó oníṣòwò kò ṣòfò mọ́, ṣùgbọ́n èéfín náà bọ́ sí imú ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá títì. Lọ́dún 2012, àjọ IARC, tó jẹ́ ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé, ka èéfín dísù mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ohun kan tún wà tó ń fi kún iyì bẹntiróòlù báyìí: gáàsì CNG, tí ìjọba àpapọ̀ ń polongo láti ọdún 2023. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ti ní pulọ́ọ̀gì tẹ́lẹ̀, agolo gáàsì àti ohun èlò díẹ̀ ló kù tí wọ́n máa fi sí i. Dísù kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Yálà kí ó máa mu dísù àti gáàsì pọ̀, tàbí kí wọ́n tú inú rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ agolo yẹn yóò gba àyè lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, yóò sì jẹ nínú ìwọ̀n ẹrù.

Nítorí náà, ẹni tí ẹrù rẹ̀ kì í tó tọ́ọ̀nù kan, tí ìrìn rẹ̀ kò sì kọjá Àlábà sí Mile 2 tàbí Ìbà sí Ìgàndò, bẹntiróòlù ni kó rà, kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ agbára tàn án. Ẹni tó ń gbé tọ́ọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́, tàbí tó ń kẹ́rù lọ sí Sẹ̀mẹ̀, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, dísù ló yẹ ẹ́: Canter tàbí irú rẹ̀, èyí tí pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, kó sì ní iléepo kan ṣoṣo tó fọkàn tán. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣe tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tútù ni kí ẹ jẹ́ kó tan lójú yín, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn wo àwọ̀ èéfín rẹ̀. Bí èéfín búlúù bá ń jáde láìdáwọ́ dúró, ẹ gbé owó yín padà sílé.