Ṣé o mọ̀? Ta ni Kòrónà mú jù nílé ìwòsàn?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí ẹ̀rọ ti ń bá aláìsàn mí ni. Ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 àti 25 oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n ṣàyẹ̀wò fún òṣìṣẹ́ 545 ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà. Ẹnu iṣẹ́ ni gbogbo wọn wà, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Síbẹ̀, àwọn 13 ní kòkòrò àrùn náà lára lọ́wọ́ tí wọn ò mọ̀! Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ìdá 24.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní èròjà tí ara máa ń pèsè láti bá Kòrónà jà, èyí tó fi hàn pé ó ti mú wọn rí.

Àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń nu wọ́ọ̀dù, ló pọ̀ jù: ìdá 34.5. Ti àwọn òṣìṣẹ́ yàrá ẹ̀rọ jẹ́ ìdá 14.8 péré. Àwọn olùwádìí rò pé ìbòmú àti aṣọ ìdáàbòbò tó dára jù tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ó tún hàn pé ewu náà pọ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún kò kéré.

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwòsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn tó ń gbálẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń pín ìbòmú.