Èèyàn ń pọ̀ sí i ní Niger, igi náà ń pọ̀: kí ló fà á?

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé bí èèyàn bá ti ń pọ̀, igbó gbọ́dọ̀ máa tán. Ẹnu tó ń jẹun pọ̀, oko ń fẹ̀, àáké kò sì sinmi lórí igi ìdáná. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òfin tí kì í yẹ̀, orílẹ̀-èdè Niger ló yẹ kó ti kọ́kọ́ ṣẹ. Aṣálẹ̀ Sàhárà ló gba apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Èèyàn ibẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 3.4 nígbà òmìnira ní 1960; lónìí, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 25. Síbẹ̀, ní agbègbè Maradi àti Zinder, níbi tí Niger ti bá Nàìjíríà pààlà, igi tó wà lórí oko báyìí pọ̀ ju ti ogójì ọdún sẹ́yìn lọ dáadáa.

Ta ló ni igi?

Láti ayé ìjọba amúnisìn Faransé ni òfin ti sọ pé ìjọba ló ni igi. Àgbẹ̀ tó bá gé e lórí oko ara rẹ̀ láìgbàṣẹ, aṣọ́gbó lè bu owó ìtanràn lé e nígbà náà. Ta ni yóò wá tọ́jú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, tó tún lè kó o sí wàhálà? Bí ọ̀mùnú bá ti ń yọ, ọkọ́ ni wọ́n fi ń gé e dànù. Ilẹ̀ wá gbófo. Nígbà tí ọ̀dá ńlá mú ní 1984, ìjì iyanrìn ń bo èhù jéró mọ́lẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń tún un gbìn léraléra.

Igbó abẹ́ ilẹ̀

Tony Rinaudo, ọmọ Australia tó bá àwọn míṣọ́nnárì ṣiṣẹ́ ní Maradi, ti gbin igi títí, èyí tó pọ̀ jù ló sì kú. Ní 1983 ló ṣàkíyèsí pé ohun tó jọ igbó ṣúúrú lórí ilẹ̀ náà kì í ṣe igbó lásán: igi tí wọ́n ti gé ni, ara kùkùté ló ti ń rú padà. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà láàyè, ó sì ti jìn dé ibi tí omi wà. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn kò lè bá a dù ú.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ kò ju kó mú ọ̀mùnú díẹ̀ tó lágbára lára kùkùté, kó gé ìyókù, kó sì máa rẹ́ ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kí igi lè ga. Kò ra irúgbìn, kò pọn omi. Igi gao ló wù wọ́n jù, nítorí àsìkò òjò ló ń wọ́wé, kì í ṣíji bo jéró. Ewé tó bọ́ di ajílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹran ọ̀sìn ń jẹ èso rẹ̀.

Bí àwọn aṣọ́gbó ṣe ń dẹwọ́ ni àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi bí ohun ìní ara rẹ̀. Àwọn olùwádìí Chris Reij àti Gray Tappan fi àwòrán sátẹ́láìtì wò ó: nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2000 sí 2010, igi ti padà sórí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà. Ibi tí èèyàn pọ̀ sí gan-an nigi sì ti pọ̀. Níbẹ̀, ilẹ̀ kò tó láti fi sílẹ̀ kó sinmi, ọjà igi ìdáná wà nítòsí, ọwọ́ tó lè ṣiṣẹ́ sì wà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Lápá Nàìjíríà, tí òjò ti ń rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ gbófo ju ti òdìkejì ààlà lọ.

Ibi tí igi kò lè dé

Èyí kò sọ pé kí ọmọ bíbí máa lọ bó ṣe ń lọ. Ìwádìí ìjọba ní 2012 fi hàn pé obìnrin Niger kan ń bí ọmọ tó lé ní méje. Ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, iye èèyàn ń di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ogún ọdún. Kùkùté lè rú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí bàbá pín fún ọmọ ọkùnrin márùn-ún kì í rú. Ebi ọdún 2005 mú Niger pẹ̀lú gbogbo igi yẹn.

Ọmọbìnrin mẹ́ta nínú mẹ́rin níbẹ̀ ló ti wọlé ọkọ kó tó pé ọdún 18. Àjọ UNFPA, ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé (UN), dá “ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọkọ” sílẹ̀ ní Zinder ní 2007, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń jíròrò ìlera ìyàwó àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti igi àti ti ọmọ bíbí. Ìgbà tí àgbẹ̀ rí àṣẹ lórí igi oko rẹ̀ ló tó tọ́jú rẹ̀. Ohun tó kù fún Niger ni kí ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 náà ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ìgbà tí yóò lọ́kọ àti iye ọmọ tí yóò bí.