Àwòrán Tó Ń Tọ́ Dókítà Sọ́nà Nínú Ikùn

Láyé àtijọ́, ìgbà tí wọ́n bá la ikùn gbòòrò ni dókítà tó lè ṣiṣẹ́ abẹ inú rẹ̀. Lóde òní, ihò kéékèèké bíi mẹ́ta sí márùn-ún, mílímítà 5 sí 12, ti tó fún púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ikùn kí àyè lè wà, kámẹ́rà tín-ín-rín á gba ihò kan wọlé, irinṣẹ́ á gba àwọn tó kù. Ojú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣàn ni dókítà ń wò ṣiṣẹ́. Aláìsàn sì máa ń tètè padà sílé.

Àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀: òde ara ẹ̀dọ̀ nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Bí kókó jẹjẹrẹ bá wà nínú ẹ̀dọ̀ lọ́hùn-ún, kò lè rí i, kò sì lè rí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba ẹ̀gbẹ́ kókó náà kọjá. Bí dókítà bá ṣèèṣì gé iṣan yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè ya débi tí wọ́n á fi sáré la ikùn náà.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo àwòrán. Ṣáájú iṣẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ CT tàbí MRI ya inú ara, kọ̀ǹpútà á wá tò ó di odindi ẹ̀dọ̀, iṣan àti kókó á ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á gbé e lé orí ohun tí kámẹ́rà ń fi hàn, àfi bíi pé ẹ̀dọ̀ náà di gíláàsì. Jacques Marescaux àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Strasbourg, nílẹ̀ Faransé, wà lára àwọn aṣáájú nínú iṣẹ́ yìí.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ dókítà. A ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwòrán tí wọ́n ti yà ṣáájú ni kọ̀ǹpútà ń gbé kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun dá ẹ̀dọ̀ ní ohun rírọ̀: èémí ń sún un, afẹ́fẹ́ inú ikùn ń yí i padà, irinṣẹ́ ń tì í. Bí àwòrán bá yẹ̀ díẹ̀, ó lè fi iṣan hàn níbi tí kò sí. Egungun kì í rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn fún ọgbọ́n yìí. Lọ́dún 2020, àwọn dókítà Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà wọ awò tó ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ hàn, wọ́n fi skúrù 6 sí egungun ẹ̀yìn aláìsàn kan.

Ní ti ẹ̀dọ̀, wọ́n tún máa ń gbé ẹ̀rọ ultrasound, irú èyí tí a fi ń wo aláboyún, lé e lórí láti rí bí inú rẹ̀ ṣe wà lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ẹbí yín, ẹ bi dókítà pé: bí àwòrán bá ta ko ohun tí ẹ̀ ń rí, èwo lẹ ó tẹ̀ lé?